Ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí sójà Nàìjíríà tó lọ jà nílẹ̀ onílẹ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, àwọn sójà kan yọ lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní Kútọnu, wọ́n ní àwọn ti rọ Ààrẹ Patrice Talon lóyè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, bàálù ogun Nàìjíríà ti wà lójú sánmà Benin, nǹkan sì ti dojú rú mọ́ àwọn tó fẹ́ gbàjọba lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 9, ilé aṣòfin àgbà l'Ábùjá, ìyẹn Sẹ́nétì, fọwọ́ sí i pé kí Ààrẹ Bola Tinubu rán sójà lọ síbẹ̀. (Benin ti Kútọnu àti Àjàṣẹ́ là ń sọ o, kì í ṣe Ìbíní ti ìpínlẹ̀ Ẹdó.)

Ẹ wo bí ọjọ́ ṣe tò: bàálù gbéra lọ́jọ́ Àìkú, àṣẹ dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nìyẹn ní ìdí ìwé ìròyìn àti nínú mọ́tò. Àwọn kan ní Ààrẹ ti tẹ òfin lójú, nítorí kò gba àṣẹ kó tó ṣe é. Àwọn kan ní kò sóhun tó kan aṣòfin níbẹ̀, ṣebí òun ni olórí pátápátá fún àwọn ológun. Ẹlòmíì ní ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ló rán wa níṣẹ́, ìránṣẹ́ kì í sì í jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀ téèyàn bá ti ka ojú ewé kan péré nínú ìwé òfin ọdún 1999, ìyẹn abala 5, ìpín 4 àti ìpín 5.

Kí ni "kíkéde ogun", kí sì ni "iṣẹ́ ìjà"?

Nǹkan méjì ni ìwé òfin yà sọ́tọ̀, tí àwa ará àdúgbò máa ń pò pọ̀.

Èkíní ni kíkéde ogun. Èyí ni kí Nàìjíríà sọ ọ́ ní gbangba pé ogun ti wà láàárín òun àti orílẹ̀-èdè báyìí. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kàrún-ún ọdún 1999 tí ìwé òfin yìí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a kò tíì ṣe é rí. Tí Ààrẹ bá fẹ́ ṣe é, ilé aṣòfin méjèèjì, ìyẹn Sẹ́nétì àti ilé aṣojúṣòfin, gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀ sójú kan kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Èkejì ni iṣẹ́ ìjà lẹ́yìn odi: kí sójà wa gbé ìbọn lọ síbi tó ṣeé ṣe kó ti yìn ín, bí a kò tilẹ̀ kéde ogun fún ẹnikẹ́ni. Èyí ló ṣẹlẹ̀ ní Benin. A kò bá Benin jà, àwọn kan la lọ bá a lé. Sẹ́nétì nìkan ni ìwé òfin ní kó dá sí èyí. Ilé aṣojúṣòfin kò sí níbẹ̀ rárá.

Ohun tí ìwé òfin kò sì ṣe ni kó túmọ̀ iṣẹ́ ìjà. Sójà tó lọ kọ́ ẹlòmíì níṣẹ́ ńkọ́? Bàálù tó kàn ń fò káàkiri láti ya fọ́tò? Kò sọ. Ààyè yìí ni agbẹjọ́rò ìjọba máa ń sá gbà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le.

Ọ̀nà àkọ́kọ́: kọ́kọ́ tọrọ, kó o tó lọ

Abala 5, ìpín 4 sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé sójà Nàìjíríà kankan kò gbọ́dọ̀ lọ síṣẹ́ ìjà lẹ́yìn odi àfi tí Sẹ́nétì bá ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ẹ fi wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Alága ni olórí, òun ló ń darí ìpàdé, òun ló ń sọ ohun tí a máa fi owó ṣe. Síbẹ̀, tó bá gbé ìwé sọ̀wédowó lọ sí báǹkì tí kò sí ìbuwọ́lùwé akápò lórí rẹ̀, wọ́n á dá a padà. Kò já sí pé alága kì í ṣe alága mọ́. Báyìí náà ni ti "olórí àwọn ológun". Abala 218 fún Ààrẹ lágbára láti pinnu bí a ṣe máa lo àwọn ọmọ ogun, àmọ́ abala 5 ti na okùn yí i ká: nínú ilé, ó lè pàṣẹ, tó bá di ẹ̀yìn odi, ó ní láti bèèrè.

Yorùbá ò ṣàjèjì sí irú èyí. Aláàfin ni ọba, àmọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì méje jókòó síbẹ̀, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn.

Ọ̀nà kejì: lọ ná, kó o wá padà wá ṣàlàyé

Ìpín 5 tó tẹ̀ lé e ló mú àwọn tó ń pariwo "ó ti tẹ òfin lójú" ṣìnà, torí wọ́n ka ìpín 4, wọ́n sì pa ìwé dé. Ó ní pẹ̀lú gbogbo ohun tí a ti sọ yìí, Ààrẹ lè rán sójà lọ fún iṣẹ́ ìjà tó níwọ̀n láì tíì gba àṣẹ, tí nǹkan wọ̀nyí bá pé:

Ó ti fi ọ̀rọ̀ lọ Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò Orílẹ̀-èdè. Ààrẹ fúnra rẹ̀ ni alága ìgbìmọ̀ náà, igbákejì rẹ̀ ni igbákejì alága. Àwọn yòókù ni mínísítà fún ètò ààbò, ọ̀gá àgbà gbogbo ológun, àti ọ̀gá ológun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfuurufú, pẹ̀lú ẹni tí Ààrẹ bá tún yàn kún wọn. Ẹ kà á dáadáa: kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí Ààrẹ kò lè yọ níṣẹ́, àyàfi igbákejì rẹ̀.

Ó dá a lójú pé ewu ń bọ̀ wá sórí ààbò Nàìjíríà, ewu tó ti sún mọ́ etílé. Ààbò Nàìjíríà ni òfin sọ, kì í ṣe ti ẹni tí a lọ ràn lọ́wọ́. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní ká lọ gba Benin sílẹ̀, ìbéèrè tó kàn ni pé báwo ni iná tó ń jó lọ́hùn-ún ṣe máa ràn dé ọ̀dọ̀ wa? Lórí Benin, ìdáhùn kò ṣòro. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ló bá a pààlà: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Kwara, Niger àti Kebbi. Àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń yọ lápá àríwá Benin fún ọdún mélòó kan, àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ sì ní ẹbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí ni àkókò. Láàárín ọjọ́ 7 tí ìjà gan-an bẹ̀rẹ̀, Ààrẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé tọrọ àṣẹ Sẹ́nétì. Sẹ́nétì náà ní ọjọ́ 14 láti fún un tàbí láti kọ̀.

Ó dà bí ìgbà tí iná ṣẹ́ yọ nílé ẹgbẹ́ lóru. Alága kò ní sáré pe ìpàdé kó tó ra omi. Á fa owó yọ, á pe àwọn tó máa pa á, àmọ́ kó tó di ọ̀sẹ̀ kan, ó gbọ́dọ̀ gbé rìsíìtì wá síwájú wa.

Ìlànà yìí ni ọ̀rọ̀ Benin bá mu. Ọjọ́ Àìkú ni bàálù lọ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Sẹ́nétì ti dáhùn. Ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 7, kò pẹ́.

Ibi tí ọjọ́ ti máa ń dọ́gbọ́n sá

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fúnra wa. Ká ní ìbọn àkọ́kọ́ dún lọ́jọ́ 1 oṣù. Ààrẹ ní títí di ọjọ́ 8 kó tó kọ̀wé. Tó bá dúró di ọjọ́ 8 náà, Sẹ́nétì ní títí di ọjọ́ 22 kó tó fèsì. Ọjọ́ 21 gbáko rèé tí sójà wa fi lè máa jà lẹ́yìn odi láìsí ìbuwọ́lùwé ẹnì kejì. Ìjà ti Benin gan-an, wákàtí mélòó kan ló gbà.

Èyí tó tún burú jù ú lọ ni pé ìgbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀ ni kíkà bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí sójà kọjá ibodè. Tí ẹgbẹ̀rún sójà bá kọjá Sẹ̀mẹ̀, tí wọ́n pàgọ́, tí wọ́n ń se oúnjẹ fún oṣù méjì tí ìbọn kò dún, agogo kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Bẹ́ẹ̀, òfin kò sọ ẹni tó máa jẹ́rìí pé ìbọn ti dún. Ìjọba tó rán wọn lọ náà ló máa sọ fún wa.

Lójú tèmi, ọ̀nà kejì yìí fẹjú jù. Ó dáa kó wà, nítorí kò sẹ́ni tó ń dúró de ìpàdé nígbà tí ìbọn ń dún lẹ́nu ibodè. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí sójà àkọ́kọ́ gbéra ló yẹ kí kíkà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí a fi lọ Benin, tí a kò lọ Niger?

Ìbéèrè yìí ló ń jáde jù lẹ́nu àwọn èèyàn, àwọn tó ń bèèrè rẹ̀ sì máa ń rò pé ojúsàájú ni.

Ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023 ni àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní orílẹ̀-èdè Niger. Tinubu ni alága ECOWAS nígbà náà. Lọ́jọ́ 30 oṣù náà, àwọn olórí ECOWAS pàdé l'Ábùjá, wọ́n fún àwọn ológun náà ní ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹjọ, Godswill Akpabio tó jẹ́ olórí Sẹ́nétì ka lẹ́tà Ààrẹ sétígbọ̀ọ́ ilé. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà nínú rẹ̀: pípa ibodè, gígé iná mànàmáná tó ń lọ sí Niger, àti kíkó ọmọ ogun jọ láti lọ fipá mú wọn gbà. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, Sẹ́nétì bu ẹnu àtẹ́ lu ìfipágbàjọba náà, àmọ́ ìjíròrò ni wọ́n ní kí Ààrẹ tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀. Wọn kò fún un láṣẹ láti lọ jagun. Gbèdéke ọ̀sẹ̀ kan náà pé lọ́jọ́ 6, sójà kankan kò gbéra.

Ẹ kíyè sí i: a ti ibodè pa, a sì gé iná, láìdúró de Sẹ́nétì. Àwọn yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ìjà, ọwọ́ Ààrẹ ni wọ́n wà. Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni ibodè tó ṣí padà, oníṣòwò tó ní ọjà nínú ọkọ̀ ló mọ bí àwọn oṣù yẹn ṣe gùn tó.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Niger àti Benin kọjá ti Sẹ́nétì nìkan. Ní Benin, onílé fúnra rẹ̀ ló ké sí wa. Gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ Ààrẹ wa ti sọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjọba Benin bèèrè: wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé ránṣẹ́ láti iléeṣẹ́ wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè pé kí bàálù wa wá kíákíá, lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí bàálù máa ṣọ́ sánmà, kí sójà orí ilẹ̀ náà wá, àmọ́ iṣẹ́ tí àwọn aláṣẹ Benin bá fọwọ́ sí nìkan ni kí wọ́n ṣe. Talon ṣì wà lórí àlééfà nígbà náà, sójà tirẹ̀ tó pọ̀ jù ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ní Niger, inú àhámọ́ ni Bazoum wà, odindi ẹgbẹ́ ológun ló sì wà lẹ́yìn àwọn tó gbàjọba. Ìpínlẹ̀ 7 níhà àríwá wa ló bá Niger pààlà, ibodè ọ̀hún sì gùn ju kìlómítà 1,500 lọ. Olè wọ ilé aládùúgbò, aládùúgbò ń ké "ẹ gbà mí", ó yàtọ̀ sí pé àwọn ọmọ ilé ti lé bàbá wọn jáde, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ṣé ECOWAS lè pàṣẹ fún wa?

ECOWAS, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó lọ́jọ́ 28 oṣù Kàrún-ún ọdún 1975, ní ìwé àdéhùn tó gbà á láàyè láti dá sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fipá gbàjọba. Lórí Benin, ó kéde pé kí sójà láti Nàìjíríà, Ghana, Côte d'Ivoire àti Sierra Leone para pọ̀ lọ. Àmọ́ ìkéde ECOWAS kò lè rọ́pò ìbuwọ́lùwé Sẹ́nétì. Abala 1 ìwé òfin wa sọ pé òun ni olórí gbogbo òfin. Abala 12 sì ní àdéhùn tí a bá bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kì í di òfin níbí àfi tí ilé aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin.

Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò lè pinnu pé kí ilé kọ̀ọ̀kan yọ ọkùnrin kan fún ọdẹ òru. Ìpinnu ẹgbẹ́ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n máa yọ nínú ilé tìrẹ, inú ilé tìrẹ lẹ ti máa sọ ọ́.

Àwọn àgbàlagbà máa ń mú àpẹẹrẹ ECOMOG, ìyẹn ọmọ ogun ECOWAS, wá, pé nígbà tí sójà wa wọ Monrovia ní Liberia lóṣù Kẹjọ ọdún 1990, ta ni wọ́n bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Òótọ́ ni, wọn kò bèèrè. Ìjọba ológun Babangida ló wà níbẹ̀, kò sí Sẹ́nétì tí wọn ì bá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn wé tòní.

Ní ti òfin àgbáyé, ìwé àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, abala 2, kọ̀ kí orílẹ̀-èdè kan fi ogun wọ ilẹ̀ ẹlòmíì. Ẹni tí wọ́n bá kọ lù lè gbèjà ara rẹ̀, ìyẹn wà ní abala 51. Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà lè fọwọ́ sí i. Orílẹ̀-èdè 15 ló wà níbẹ̀, ó kéré tán 9 gbọ́dọ̀ gbà, bí ọ̀kan nínú Amẹ́ríkà, Britain, Faransé, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà bá sì ní rárá, ó parí. Abala 53 ní ẹgbẹ́ bíi ECOWAS pàápàá kò gbọ́dọ̀ fipá wọ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ ìgbìmọ̀ yìí. Tí ìjọba tó wà lórí àlééfà bá fúnra rẹ̀ pè ọ́, ọ̀rọ̀ yí padà, torí o kò fipá wọ ilé ẹni. Ìdí tí ìwé tó ti Kútọnu wá fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Sẹ́nétọ̀ mélòó ló tó láti fọwọ́ sí i?

Sẹ́nétọ̀ 109 ló wà: mẹ́ta mẹ́ta láti ìpínlẹ̀ 36, ẹyọ kan láti Àbújá. Abala 54 ní ìdámẹ́ta wọn tó kí ìjókòó tó lè wáyé. Ìdámẹ́ta 109 jẹ́ 36 àti díẹ̀, nítorí náà 37. Abala 56 sì ní ohun tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà níjòkòó tó dìbò bá sọ labẹ gé. Èyí tó pọ̀ jù nínú 37 ni 19.

Ẹni 19. Ìyẹn ló tó, gẹ́gẹ́ bí òfin, láti rán ọmọ ẹni lọ jà lẹ́yìn odi. Ohùn ni wọ́n sì sábà máa ń fi dìbò: ẹni tó gbà á ní "bẹ́ẹ̀ ni", ẹni tí kò gbà á ní "bẹ́ẹ̀ kọ́", olórí ilé á lu òòlù. Lẹ́yìn náà, kò sí bí o ṣe máa mọ ohun tí sẹ́nétọ̀ ẹkùn rẹ sọ.

Tí Sẹ́nétì bá ní rárá lẹ́yìn tí sójà ti lọ ńkọ́?

Ibí ni ìwé òfin dákẹ́ sí. Ó ní Sẹ́nétì lè kọ̀. Kò sọ pé kí sójà padà láàárín ọjọ́ mélòó, kò sọ ìyà tó wà fún Ààrẹ tí kò bá dá wọn padà, kò sì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ 14 bá kọjá tí Sẹ́nétì kò sọ "bẹ́ẹ̀ ni", tí kò sì sọ "rárá". Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ aṣòfin ni owó: abala 80 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ná owó àpò ìjọba láìjẹ́ pé ilé aṣòfin fọwọ́ sí i. Èkejì ni yíyọ Ààrẹ nípò, ìyẹn sì jìnnà.

Kí ni aráàlú lè bèèrè?

Bí irú ìròyìn báyìí bá tún dé, ọjọ́ mẹ́rin ni kí ẹ wá: ọjọ́ tí sójà gbéra, ọjọ́ tí ìbọn àkọ́kọ́ dún, ọjọ́ tí lẹ́tà dé Sẹ́nétì, ọjọ́ tí wọ́n fèsì. Bí lẹ́tà bá ṣáájú ìbọn, ìpín 4 ni. Bí ìbọn bá ṣáájú lẹ́tà, ìpín 5 ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ẹ tún wò ó bóyá Sẹ́nétì sọ iye sójà, iye oṣù, àti irú iṣẹ́ tí wọ́n lọ ṣe. Àṣẹ tí kò ní ọjọ́ ìparí, owó tí a yá ni láìsọ ìgbà tí a máa san án ni.

Ìwé tí Sẹ́nétì ń kọ lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ béèrè fún, ẹ má dúró lórí ohun tí agbẹnusọ sọ. Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dá ẹni tó béèrè lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà gbà wọ́n láàyè láti fi ohun tó lè ṣàkóbá fún ètò ààbò pamọ́. Iye sójà lè jẹ́ àṣírí. Ọjọ́ tí lẹ́tà dé kì í ṣe àṣírí.

Tí sójà àjèjì bá wá jà nílẹ̀ tiwa ńkọ́?

Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2025, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pé lẹ́yìn ti Benin, Amẹ́ríkà rọ̀jò àdó olóró sórí àwọn agbésùnmọ̀mí ní ìpínlẹ̀ Sókótó. Ìjọba wa ní àwọn mọ̀ sí i, àwọn jọ ṣe é ni. Àwọn kan sáré ṣí abala 5, wọ́n ń wá ibi tó ní kí Ààrẹ gba àṣẹ Sẹ́nétì kó tó gba àjèjì láàyè láti wá jà níbí.

Kò sí níbẹ̀. Sójà Nàìjíríà tó ń jáde lọ nìkan ni ìpín 4 àti 5 ń sọ. Ẹni tó ń wọlé bọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí nínú wọn.